Kì í ṣe ẹja, kì í ṣe dọ́lífíìnì: ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ pọ́pọ́ọ̀sì odò Yangtze palẹ̀

Fídíò kan ń lọ káàkiri orí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fi ṣọwọ́ sí mi: ẹranko kan tó dúdú bí eérú tí omi ta sí, orí ẹ̀ rí roboto, ó yọ sókè nínú omi, ẹnu ẹ̀ là bíi ti ẹni tó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó fi ṣọwọ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ wá wo ẹja tó ń rẹ́rìn-ín ní Ṣáínà o". Ẹnì kan fèsì pé dọ́lífíìnì ni. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, òun ti kà á pé ìyẹn ti tán láyé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹnì kẹta ní kò tán o, ó tún ti ń pọ̀ sí i, kí la wá ń pariwo lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ẹja ń bákàn nìyẹn. Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn méjì tó ń jà ní ìkẹyìn yẹn, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ tí wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Òyìnbó ń pè é ní porpoise, àwa ò ní orúkọ fún un torí kò sí lódò wa, nítorí náà pọ́pọ́ọ̀sì ni màá máa pè é, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹja rárá. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, bíi màlúù, bíi ajá, bí èmi àtẹ̀yin. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gbóná, ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ihò imú ẹ̀ sì wà lókè orí. Kò lè mí sínú omi bí ẹja ṣe ń mí, àfi kó yọrí síta, kó gba afẹ́fẹ́, kó tún wọlé padà. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn dáadáa torí òun gan-an ló ń pa á, a máa débẹ̀.

Òun àti dọ́lífíìnì jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí àbùùbùtán ni. Àmọ́ ṣẹ́ ẹ mọ bí ẹni tí ò sin ẹran rí ṣe máa ń wo ewúrẹ́ àti àgùntàn tá á ní ṣebí ọ̀kan náà ni, bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń ṣe sí àwọn méjèèjì yìí. Dọ́lífíìnì sábà máa ń ní ẹnu gígùn tó yọ síwájú, pọ́pọ́ọ̀sì ò ní, iwájú orí ẹ̀ kàn rí kìrìbìtì ni. Eyín dọ́lífíìnì ṣe ṣóńṣó, ti pọ́pọ́ọ̀sì fẹ̀ pẹrẹsẹ lórí bí ẹnu ṣọ́bìrì kékeré. Eléyìí tá à ń sọ wá tún yàtọ̀ láàárín àwọn pọ́pọ́ọ̀sì fúnra wọn, kò ní lẹbẹ lẹ́yìn. Ibi tó yẹ kí lẹbẹ wà, ẹ̀yìn ẹ̀ kàn ga díẹ̀ bí ojú ìránṣọ ni, ó wá ní àwọn kókó wẹẹrẹ wẹẹrẹ lára. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó rí. Tí ẹ bá dúró létí odò tí ẹ ń wá a, kò sí lẹbẹ kankan tó máa là omi kẹ́ẹ tó rí i, ẹ̀yìn dúdú kan á kàn yí bìrí, ẹ máa gbọ́ "fùú" bíi pé ẹnì kan fọn imú, kẹ́ẹ tó gbé fóònù yín sókè ó ti lọ. Kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ náà, kì í sábà ju mítà méjì lọ ní gígùn.

Ti ẹ̀rín yẹn sì nìyí o: ẹ̀rín kọ́. Bí ẹnu ẹ̀ ṣe rí nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bó ṣe ń "rẹ́rìn-ín" nígbà tó yó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń "rẹ́rìn-ín" nígbà tó há sínú àwọ̀n.

Gbogbo irú pọ́pọ́ọ̀sì yòókù láyé, inú omi iyọ̀ ni wọ́n ń gbé. Eléyìí nìkan ló ń gbé inú omi odò, ibi kan ṣoṣo tó sì wà nínú gbogbo ayé ni Ṣáínà, nínú odò Yangtze láti àárín dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ àti nínú adágún ńlá méjì tó so mọ́ odò náà, Poyang àti Dongting. Àwọn ẹranko inú odò tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nípa ẹ̀ ní Amazon, ní odò Ganges, ní odò Indus, dọ́lífíìnì làwọn yẹn. Àwọn ará Ṣáínà ń pe tiwọn ní jiangtun, àmọ́ àwọn apẹja ní orúkọ míì tí mo fẹ́ràn jùyẹn lọ, jiangzhu, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀ odò. Àwọn apẹja yìí kan náà máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti rí i tó ń yọrí léraléra tó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bíi pé ó ń forí balẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí kálukú tètè wakọ̀ ẹ̀ sétí odò, ìjì ń bọ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹranko yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn akéwì ayé àtijọ́ ní Ṣáínà máa ń fi í kéwì tí wọ́n bá ń wọkọ̀ ojú omi rìnrìn àjò, wọ́n á ní àwọn rí i níbi báyìí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkàn àwọn ò balẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá ṣe ohun tó wù mí púpọ̀, iṣẹ́ wọn jáde ní 2025: wọ́n kó ewì 724 tó dárúkọ ẹranko yìí jọ, látorí ayé àwọn ọba Tang títí dòní, wọ́n wo ibi tí akéwì kọ̀ọ̀kan wà nígbà tó rí i, wọ́n fi ya máàpù. Ohun tó jáde ni pé láàárín nǹkan bí 1,400 ọdún, ó kéré tán 65 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ló ti sá kúrò, pàápàá àwọn odò kéékèèké àtàwọn adágún tó so mọ́ Yangtze, ọgọ́rùn-ún ọdún tó kẹ́yìn yìí ló sì burú jù. Ewì o! Ẹni tó ní ewì ò wúlò kó wá gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹni tó ní ó ti tán láyé. Èyí tó tán ni wọ́n ń pè ní baiji. Dọ́lífíìnì nìyẹn, àwọ̀ ẹ̀ ràn sí funfun, ẹnu ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, nínú Yangtze kan náà ló ń gbé pẹ̀lú pọ́pọ́ọ̀sì, wọ́n jọ ń jẹ ẹja kan náà, wọ́n jọ ń há sínú àwọ̀n kan náà. Lóṣù kọkànlá sí ìkejìlá 2006, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan wọ ọkọ̀ méjì, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rin odò náà láti Yichang dé Shanghai, wọ́n tún padà, àwọn kan ń fi awò wo ojú omi láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn kan ju ohun èlò tó ń gbọ́ ohùn sísàlẹ̀ omi, bóyá wọ́n á gbọ́ ọ tí wọn ò bá rí i. Ẹyọ kan wọn ò rí. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kà á mọ́ òkú.

Èyí tí mo máa ń rántí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ baiji ni Qi Qi. Akọ ni. Ní 1980 làwọn apẹja mú un nítòsí ibi tí adágún Dongting ti pàdé Yangtze, ìwọ̀ ti dá ọgbẹ́ sí i lára, wọ́n gbé e lọ sí Wuhan sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ohun abẹ̀mí inú omi. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ọgbẹ́ jiná. Wọ́n wá ń wá obìnrin fún un. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, èyí tí wọ́n rí mú ò pẹ́ láyé. Ọdún méjìlélógún ni Qi Qi fi ń yí po nínú adágún àfọwọ́ṣe kan níbẹ̀ títí tó fi kú lóṣù keje 2002. Gbogbo ohun tá a mọ̀ dáadáa nípa irú ẹ̀, ohùn ẹ̀, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ara ẹnì kan ṣoṣo yìí la ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìgbà tá a fi máa mọ̀ ọ́n tán kò sí ẹlòmíì mọ́ tá a lè fi ìmọ̀ náà ràn lọ́wọ́.

Ìrìn àjò 2006 yẹn náà ni wọ́n fi ka pọ́pọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo bí ọkàn wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n délé. Iye tí wọ́n fojú bù jẹ́ nǹkan bí 1,800. Ní nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú ìgbà yẹn, 2,700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n rò pé wọ́n jẹ́. Ní 2012 wọ́n tún kà, ó ti di nǹkan bí 1,045. Ní 2017, 1,012. Àjọ IUCN, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti gbé e sí ipò tó burú jù fún ohun tó ṣì wà nínú igbó tàbí nínú omi láti 2013, ìyẹn ipò tó jẹ́ pé tó bá ti kúrò níbẹ̀, ó di kó ṣẹ́ ku èyí tá a so mọ́lẹ̀ nìkan, tàbí kó má ku nǹkan kan. Pánda tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, tí wọ́n ń yà sára aṣọ ọmọdé, 1,864 ni wọ́n kà nínú igbó nígbà tí ìjọba Ṣáínà gbé iye ẹ̀ jáde ní 2015. Pọ́pọ́ọ̀sì ò tó o.

Ta ló wá ń pa á? Ibí lọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú, torí tá a bá gbọ́ pé ẹranko ń tán, ọdẹ la máa ń rò, ká ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ni, tàbí wọ́n ń ta awọ ẹ̀, bíi eyín erin. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ń pa á lóde òní, bóyá la máa rí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ní òun ń lọ pa pọ́pọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wá ẹja ló ń pa á, ẹni tó ń kó ẹrù ló ń pa á, ẹni tó ń wa iyanrìn kọ́lé ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀n. Omi Yangtze ṣókùnkùn, ẹrẹ̀ ló kún inú ẹ̀, ojú ò wúlò níbẹ̀ lọ títí. Etí ni pọ́pọ́ọ̀sì fi ń ríran, kì í ṣe àsọdùn: á ṣe ohùn kékeré bíi "kẹ́ kẹ́ kẹ́", ohùn náà á lọ ta mọ́ ohun tó wà níwájú, á padà wá bá a, ìyẹn ló fi máa mọ̀ pé ẹja nìyí, òkúta nìyí, ìyá mi nìyí. Ohùn yìí tíńrín tó bẹ́ẹ̀ tí etí ọmọ èèyàn ò lè gbọ́ ọ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà ohùn tó tíńrín jù tá a lè gbọ́. Àmọ́ okùn àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ ò dá ohùn tó pọ̀ tó padà. Ẹja wà nínú àwọ̀n, ó gbọ́ ẹja, ó tẹ̀ lé e, ó wọlé. Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ẹ fi sọ́kàn: àfi kó yọrí síta kó tó lè mí. Ẹja tó há sínú àwọ̀n lè wà láàyè dàárọ̀. Òun, tí ò bá ti rí ọ̀nà jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí.

Ìwọ̀ ló tún wá burú. Kì í ṣe ìwọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, tí wọ́n fi ekòló sí lẹ́nu. Okùn gígùn kan ni wọ́n máa tẹ́ sísàlẹ̀ odò, wọ́n á so ìwọ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ sí i gátagàta, kò sóúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, ohun tó bá ṣáà kọjá ni kó kọ́. Ẹranko tí ọ̀kan bá kọ́ á jà, bó ṣe ń jà ni okùn á máa ká mọ́ ọn, bó ṣe ń ká mọ́ ọn ni ìwọ̀ kejì, ìkẹta, ìkẹwàá á máa wọlé sí i lára. Òfin ti lòdì sí i ọjọ́ ti pẹ́, wọ́n sì ń lò ó. Àwọn tó ń fi iná bátìrì pẹja náà wà níbẹ̀, wọ́n á ki wáyà bọ omi, gbogbo ohun tó wà nítòsí á dákú, àti ẹja ńlá àti ọmọ ẹja àti ohun tí ò kàn wọ́n. Kódà tí iná náà ò bá pa pọ́pọ́ọ̀sì, ó ti gbọ́n oúnjẹ ẹ̀ gbẹ.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Kò sí odò kankan láyé tí wọ́n ń fi kó ẹrù tó Yangtze, ó ju bílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún kan. Ẹ ro ariwo ẹ́ńjìnnì wọn pa pọ̀ lábẹ́ omi fún ẹran tó jẹ́ pé etí ló fi ń ríran. Bíi pé ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ síwájú ilé yín tó ń dún tọ̀sán-tòru, tí wọ́n wá ní kẹ́ẹ fi etí wá ọmọ yín nínú òkùnkùn. Fáànù irin tó ń ti ọkọ̀ sì ń gé ẹni tó bá yọrí síbi tí ò yẹ.

Iyanrìn ni mo fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ dáadáa, torí èèyàn kì í ronú kàn án. Nígbà tí Shanghai àtàwọn ìlú ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé lọ́wọ́ lọ́sẹ̀, inú Yangtze ni wọ́n ti ń wa iyanrìn. Ìjọba fòfin dè é nínú odò náà ní 2000. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ni wọ́n bá kó àwọn ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn lọ sí adágún Poyang. Àwa tá a ń gbé Èkó mọ irú ọkọ̀ yẹn, tó máa ń dún gbọ̀n-gbọ̀n létí ọ̀sà. Wọ́n wa iyanrìn títí ẹnu ọ̀nà tí Poyang fi ń ṣàn wọ Yangtze fi fẹ̀ tó sì jìn, omi wá ń tètè sá jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adágún yìí, nígbà òjò ó lè tó 3,500 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní tó 1,000. Ibẹ̀ sì ni bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo irú pọ́pọ́ọ̀sì yìí tó kù láyé ń gbé! Ní 2022 ọ̀dá mú ibẹ̀, omi fà, àwọn kan lára wọn há sínú kòtò omi tí kò já síbì kankan mọ́, ẹja inú ẹ̀ ń tán, omi ń gbẹ, èèyàn ló lọ ń fi àwọ̀n kó wọn jáde níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ gbé wọn bí ẹni gbé aláìsàn.

Dáàmù náà ní ẹ̀bi tiẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Gezhouba dí odò ní 1981, dáàmù Three Gorges bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi dúró ní 2003, omi ò wá ń kún, kò sì ń fà bó ṣe yẹ mọ́, àwọn ẹja tó ń fi ìgbà tí omi ń kún mọ àsìkò tí wọ́n á yé ẹyin, ọ̀rọ̀ rú wọn lójú. Ẹja ńlá kan wà níbẹ̀ tí imú ẹ̀ gùn bí idà, 2003 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, IUCN ti kéde ní 2022 pé kò sí mọ́.

Ẹni kan á ní ṣebí irú pọ́pọ́ọ̀sì yìí wà lójú òkun Ṣáínà, wọn ò ṣe lọ mú nínú ìyẹn wá? Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Lóòótọ́, ọmọ ìyá wọn wà nínú òkun, kò sí lẹbẹ lẹ́yìn tiwọn náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá wọn wò ní 2018, wọ́n rí i pé ó ti pẹ́ gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí tinú odò ti yara ẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọn ò bára wọn bímọ mọ́, pé bí kíndìnrín ẹ̀ ṣe ń ṣe omi àti iyọ̀ lára gan-an ti yàtọ̀. Tinú òkun ò lè rọ́pò tinú odò, bí ẹ ò ṣe lè mú ẹni tó ń gbé aṣálẹ̀ kẹ́ẹ ní kó wá máa gbé orí ọ̀sà lọ́la.

Ó tún wá jẹ́ ẹran tó ń bímọ díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún kan ni oyún ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí, bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, ọmọ náà á mu ọmú, á tẹ̀ lé ìyá, ọdún bíi mélòó kan á kọjá kí òun náà tó tó ìyá. Ẹja tí wọ́n pa á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ọdún tó ń bọ̀. Abo pọ́pọ́ọ̀sì kan tó kú sínú àwọ̀n, àfi kẹ́ẹ dúró de ọmọ ọlọ́mọ kó dàgbà.

Wàyí o, kí ni wọ́n ti ṣe? Wọ́n ti ṣe ohun tó pọ̀, ká má parọ́. Látọdún 1990 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó díẹ̀ lọ sí Tian-e-Zhou ní Hubei, ìyẹn apá kan Yangtze tí odò fúnra ẹ̀ já sílẹ̀ ní 1972, tó wá ká kọdọrọ bí ìlàjì òrùka, kìlómítà 21. Omi kan náà ni, ẹja kan náà ni, kò sí ọkọ̀ ẹrù. Ní 1992 ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi àbò. Márùn-ún péré ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ, ní 2021 wọ́n kà wọ́n, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Kò rọrùn náà o. Níbẹ̀rẹ̀ 2008, òtútù kan mú ní gúúsù Ṣáínà tí ojú adágún náà di yìnyín pẹrẹsẹ, àwọn pọ́pọ́ọ̀sì fẹ́ mí, wọn ò ríbi yọrí sí, wọ́n fi ara fọ́ yìnyín, yìnyín sì mú bí abẹ, wọ́n ń gé ara wọn yánnayànna, àwọn míì kú níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kò séwu! Síbẹ̀ àwọn tó kù bímọ, lóṣù kẹrin 2023 wọ́n sì kó díẹ̀ nínú wọn padà sínú Yangtze fúnra ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù ni òfin ẹja pípa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dẹ àwọ̀n nínú Yangtze, nínú àwọn odò ńlá tó ń wọ inú ẹ̀, nínú Poyang àti Dongting, fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbé pọ́pọ́ọ̀sì sókè sí ipò àbò tó ga jù nínú òfin Ṣáínà. Ẹ gbọ́ iye èèyàn tó kàn: ọkọ̀ ẹja bí 111,000, apẹja bí 231,000. Nínú wọn ló ti wà tó jẹ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, tí ò ní oko, tí ò níṣẹ́ ọwọ́ míì. Ìjọba fún wọn lówó, àwọn kan lọ kọ́ iṣẹ́ míì, àwọn kan sì padà wá di ẹ̀ṣọ́ lórí odò kan náà, wọ́n ń lé àwọn tó ń jí ẹja pa, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí olè máa fara pa mọ́ sí lórí omi jù wọ́n lọ. Mo rò pé òfin náà tọ́, mo sì tún rò pé kò rọrùn fẹ́ni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ní kó lọ fa ọkọ̀ ẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìgbà tí wọ́n wá tún kà ní 2022, iye náà jẹ́ 1,249. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa lọ sókè látìgbà tí wọ́n ti ń kà á nìyẹn. Ẹni kẹta inú WhatsApp wa yẹn ò parọ́, ó ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ ẹ pín 1,249 yẹn wò: 595 nínú odò fúnra ẹ̀, 492 ní Poyang, 162 ní Dongting. Àwọn 595 yẹn náà ò sí lójú kan, wọ́n fọ́n ká orí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìlú ńlá àti èbúté sì há sáàárín wọn tí ẹbí kan ò fi ní rí èkejì fẹ́. Ọ̀dá kan bíi ti 2022, tàbí ọkọ̀ kan tó da kẹ́míkà sómi, lè mú ọmọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún bí lọ lọ́sẹ̀ kan. Aláìsàn tó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ ò tíì lè ní kó lọ gbé àpò sìmẹ́ńtì.

Kẹ́ni tó ń kà á níbí má sì rò pé ti Ṣáínà nìkan ni. Dọ́lífíìnì oníké kan wà létí òkun wa níhìn-ín, láti ìwọ̀ oòrùn Sahara títí dé Àǹgólà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, etí bèbè tí omi ò ti jìn ló ń gbé, ibẹ̀ náà sì làwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí. Ipò kan náà ni IUCN gbé e sí láti 2017, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ láyé ò tó 3,000. Àwọ̀n kan náà ni, ikú kan náà ni. Tiwa ò tíì lórúkọ nínú fídíò WhatsApp kankan, bóyá torí òun ò ní ẹnu tó dà bí ẹ̀rín.

Padà sí Yangtze. Òfin ẹja pípa á pé ọdún mẹ́wàá ní ìparí 2030. Pọ́pọ́ọ̀sì tí wọ́n bá bí lọ́dún tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bí ọmọ ẹ̀ kìíní tàbí ìkejì nígbà yẹn, kò ní tíì mọ ohun tí àwọ̀n jẹ́.